Ẹ̀rù Bà Mí, Ó Sú Mi: Nípa Limbo àti Àwọn Géèmù Tó Jọ Ọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi gírámà bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Tí nǹkan bá dẹ́rù ba ọmọ Yorùbá, ohun tó máa sọ ni pé "ẹ̀rù ń bà mí". Ẹ wo olùwà gbólóhùn yẹn dáadáa. Ẹ̀rù ni olùwà; èmi tí nǹkan ń ṣe, àbọ̀ lásán ni mo jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ojú ń tì mí", "ebi ń pa mí", "oorun ń kùn mí". Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń wá bá wa, àwa kọ́ là ń lọ bá wọn. (Mo mọ̀ pé "mo ń bẹ̀rù" náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ìwé gírámà jáde.) Tí nǹkan bá wá dójú ẹ̀, tí a fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé, "ó sú mi" ni à ń wí. Èmi ṣì ni àbọ̀, àmọ́ olùwà ti yàtọ̀. Orúkọ ìmọ̀lára kan kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. "Ó" ló wà níbẹ̀, ìyẹn ohun tó wà níwájú mi gan-an tí mo ń nàka sí.

Inú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo àlàyé mi wà. Irú géèmù kan wà tó jẹ́ pé ọmọ kékeré kan lẹ máa darí nínú ibi tó ṣókùnkùn, tí ẹ ó máa fò láti orí nǹkan bọ́ sórí nǹkan, tí ẹ ó sì máa tú àdììtú: ẹ fa àpótí, ẹ yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ẹ sáré kọjá kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ̀rù ló yẹ kó máa bà yín. Tó bá ṣe bó ṣe yẹ, ẹ ó gbàgbé pé orí bẹ́ẹ̀dì lẹ jókòó sí. Ṣùgbọ́n tí àdììtú náà bá le ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí fífò náà kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ yín lẹ́nu, ẹ ó kú lẹ́ẹ̀mẹwàá síbì kan náà. Ẹ̀rù á yọ́ kúrò lára yín. Ẹ ò ní sí nínú igbó yẹn mọ́. Ẹ ó wà níwájú láptọ́ọ̀pù kan tó ń ṣe ìkà fún yín.

Limbo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ilé-iṣẹ́ Playdead ní ìlú Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù Keje ọdún 2010. Arnt Jensen ni olùdarí rẹ̀. Ohun tó wù mí nínú ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé àwòrán ló kọ́kọ́ wà. Nǹkan bí ọdún 2004 ni Jensen ti ń ya ibi ìkọ̀kọ̀ kan tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi yẹn ló ṣáájú, eré tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì ti gbá géèmù náà rí kò ní yà á lẹ́nu.

Dúdú àti funfun nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ eérú láàárín àwọn méjèèjì. Gbogbo ohun tó súnmọ́ yín dúdú bí èédú, kùrukùru ló wà lẹ́yìn wọn. Ọmọdékùnrin kan jí nínú igbó. Ojú rẹ̀ méjì tó ń tàn funfun nìkan lẹ ó fi mọ̀ pé ó wà láàyè. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Kò sí àkọlé kankan tó ní kí ẹ gba apá ọ̀tún. Bọ́tìnnì tí ẹ ó fi rìn, èyí tí ẹ ó fi fò, èyí tí ẹ ó fi di nǹkan mú, ó parí. Ohun tí a gbọ́ nípa ìtàn rẹ̀ kò ju pé ọmọ náà ń wá arábìnrin rẹ̀ lọ. Bóyá ẹ̀gbọ́n ni o, bóyá àbúrò ni, wọn ò sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ò sì ní kí wọ́n sọ. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màmá mi máa bi wọ́n nìyẹn.

Martin Stig Andersen ló ṣiṣẹ́ lórí ohùn inú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún orin tó máa ń sọ fún èèyàn ohun tó yẹ kó máa rò. Ẹ fi wé fíìmù tiwa, níbi tí ìlù ti máa ń kì wá nílọ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí àjẹ́ tó yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú Limbo, atẹ́gùn lẹ ó gbọ́, àti ẹsẹ̀ ọmọ náà nínú koríko, àti nǹkan kan tó ń kùn lọ́nà jíjìn tí ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni àbí ẹranko. Earpiece ni kí ẹ fi gbọ́ ọ o. Tí jẹnẹrétọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ń dún lójú fèrèsé yín, ẹ ti pàdánù ìdajì géèmù yẹn.

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí. "Ojú ọjọ́" kò bá a mu, "àyíká" kò tó. "Bó ṣe ń rí lára" ni mo máa ń sọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà sí ibi tó yẹ, ìyẹn ara òǹgbá. Ibi kan wà tó máa ń rí bákan lára kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rárá.

Aláǹtakùn inú igbó yẹn ni ẹ̀rí mi tó dára jù. Ẹ kọ́kọ́ máa rò pé igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó súnmọ́ ọn, igi náà á gbéra nílẹ̀, ó di pé ó gún yín pa. Ẹ jí padà níwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìgbà kejì, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe igi, èyí sì tún burú sí i, torí ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ síbẹ̀. Pàkúté irin kan wà nítòsí, irú èyí tó ti ṣeé ṣe kó ti gé orí yín dànù lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ ó fà á lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹranko náà. Ohun tó pa yín ló di irinṣẹ́ yín. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àdììtú àti ẹ̀rù lè jẹ́ ọmọ ìyá: ẹ̀rù aláǹtakùn ló mú kí ẹ ronú, ìrònú yẹn ló sì tún mú yín súnmọ́ ọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ikú wà nínú àpèjúwe mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Playdead fúnra wọn pe irú eré yìí ní ìdánwò àti ikú, bí èèyàn ṣe ń sọ pé ìdánwò àti àṣìṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ kú kí ẹ tó mọ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò tuntun. Prince of Persia tí Jordan Mechner ṣe ní ọdún 1989 àti Another World ti Éric Chahi ní 1991 ti ń pa èèyàn báyìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tí Limbo fi kún un ni bí ikú náà ṣe rí. Ayùn á gé ọmọ náà sí wẹ́wẹ́, omi á gbé e mì, ẹ ó sì rí i títí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ á fi kú. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ti fún òǹgbá láǹfààní láti bo ikú náà mọ́lẹ̀, kí sikírìnì kàn ṣú. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ àfi tó bá jẹ́ pé ọmọdé wà nínú yàrá.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹ pe "ìgbálẹ̀" sókè báyìí. Ẹ tún un pè. Ẹ pè é títí á fi pé ọgbọ̀n ìgbà láìdákẹ́. Kí ẹ tó dé ogún, ohun tí à ń fi gbálẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀, ó ku ìró mẹ́ta tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Leon Jakobovits fi ọ̀rọ̀ yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì McGill ní Kánádà lọ́dún 1962. Èmi máa ń pè é ní àpèyó, torí pé etí ti yó ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá ni pé àpètúnpè wúlò gan-an nínú èdè wa. "Kíá" yàtọ̀ sí "kíákíá". "Díẹ̀" yàtọ̀ sí "díẹ̀díẹ̀". Ẹ pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìtumọ̀ wọ inú rẹ̀ sí i. Ẹ pè é lọ́gbọ̀n ìgbà, ìtumọ̀ jáde.

Aláǹtakùn náà rí bẹ́ẹ̀. Ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ẹ̀rù. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà ṣì dáa. Tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ aláǹtakùn ti di ọ̀pá tó ń lọ sókè sódò, ẹ sì ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá: ọ̀kan, méjì, fò. Ẹ ò rí ẹranko mọ́. Ẹ̀rọ lẹ rí. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe irú géèmù yìí ni kó mọ iye ìgbà tí òǹgbá lè kú síbì kan kí àpèyó tó dé, kó sì jẹ́ kó la ibẹ̀ kọjá ṣáájú. Ní ibi aláǹtakùn, Playdead mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjá kó tó di ìkẹfà.

Ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ohun tí mo máa ń pè ní ibi àjíǹde, ìyẹn ibi tí géèmù máa dá yín padà sí tí ẹ bá kú. Nínú Limbo, ó súnmọ́ ibi ikú, àjíǹde náà ò sì pẹ́. Ẹ kú, ẹ jí, ẹ tún wà níwájú ohun tó pa yín kí èémí yín tó balẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àdììtú ṣe le tó lọ. Àdììtú tó le, tó jẹ́ pé ẹ máa ń jí sí ìdí rẹ̀, kò ní tètè sú yín. Àdììtú tó rọrùn, tó jẹ́ pé ẹ ó kọ́kọ́ gun àkàbà, kí ẹ fa àpótí méjì, kí ẹ dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè kí ẹ tó tún dé ibẹ̀, á sú yín ní ìgbà kẹta. Ikú kọ́ ló ń sú èèyàn. Ìrìn àpadàlọ ni.

Àmọ́ Limbo náà jẹ̀bi níbì kan, mi ò sì ní bò ó. Lẹ́yìn igbó, ẹ ó bọ́ sí ibi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ méjì kan wà níbẹ̀ tó jọ ara wọn bí ìbejì, tí wọ́n máa ń já wálẹ̀ láti òkè tẹ èèyàn pa. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́, pèpéle kékeré kan wà láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kú. Ẹ ti kọ́gbọ́n: ẹ fo pèpéle. Lábẹ́ ìkejì, pèpéle yẹn náà wà níbẹ̀. Ẹ fò ó, ẹ kú, nítorí pé lọ́tẹ̀ yìí pèpéle ni ibi ààbò, ilẹ̀ tó yí i ká ló ń pani. Kò sí àmì kankan tó lè sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n ní àwàdà ìkà ni, ó bá ayé géèmù náà mu. Èmi ò gbà. Gbogbo wa la ka Saussure ní ọdún kìíní: kò sí ìdí kan tí àmì fi gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí ohun tó túmọ̀ sí, àdéhùn ló so wọ́n pọ̀. Géèmù tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú gbára lé àdéhùn yìí ju ìwé lọ. Tí ẹ bá ti kọ́ mi pé pèpéle yìí túmọ̀ sí ikú, ọ̀rọ̀ kan ti wọ inú èdè tí èmi àti ẹ̀yin jọ ń sọ. Tí ẹ bá wá yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà láìwí, ẹ ò dẹ́rù bà mí o, ẹ kàn jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín. Mo rántí lójijì pé ẹnì kan ní Copenhagen ló jókòó tó ṣètò èyí.

Níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dúró. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn fíìmù ẹlẹ́rù ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Wọ́n wá sílé lákòókò ìsinmi, mo fi Limbo hàn wọ́n, wọ́n sì gbá a fún wákàtí kan àbọ̀ láìwo fóònù. Nígbà tí aláǹtakùn jáde, wọ́n gbá mi lápá. Wọn ò gbá géèmù rí láyé wọn, nítorí náà ọwọ́ wọn ò yá, wọ́n kú gan-an, kò sì dà bí ẹni pé ó dùn wọ́n. Ìbejì ẹ̀rọ yẹn ló lé wọn. Wọ́n kú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé eré lèyí ni, àbí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọjá ibẹ̀." Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀, ó ti sú mi." Títí di òní, wọn ò mọ bí ìrìn ọmọ yẹn ṣe parí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, torí ẹni tí ibi yẹn ń rí lára fún jù lọ ni ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú. Tí ìwé bá le, ẹ lè fo ojú ìwé kan. Tí fíìmù bá fa, ẹ lè lọ gbé omi. Géèmù nìkan ni iṣẹ́ ọnà tó máa ń ṣèdánwò fún yín ní àárín, tó sì máa ń gba ìyókù mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ bá fìdí rẹmi.

Ohun mìíràn tún wà nípa ìdajì kejì Limbo. Nínú igbó, àdììtú àti ibi náà jọ ń sọ ìtàn kan: ẹranko ń lé yín, àwọn ọmọ míì fẹ́ pa yín, kòkòrò kan tó ń tàn á bọ́ lé yín lórí tí ẹ ò fi ní lè rìn síbòmíràn àyàfi apá kan, títí ìmọ́lẹ̀ á fi yí yín padà. (Kòkòrò yẹn ni àdììtú tó wù mí jù níbẹ̀. Wọ́n gba ara yín lọ́wọ́ yín, ẹ̀rù sì bà yín torí bẹ́ẹ̀ gan-an.) Nígbà tó bá yá, ó di kìkì ayùn, iná mànàmáná, àti òòfà ilẹ̀ tó ń dorí kodò. Àwọn àdììtú ibẹ̀ jinlẹ̀, ọpọlọ wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè kó wọn lọ sínú géèmù aláwọ̀ mèremère kan tí ehoro ń fò kiri nínú rẹ̀, wọn ò ní yàtọ̀. Ẹ̀rù ò bà mí níbẹ̀. Mo kàn ń ṣe ìṣirò nínú òkùnkùn.

Little Nightmares ní ìṣòro tirẹ̀. Tarsier Studios ní ìlú Malmö, ní Swídìn, ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Ọmọ kékeré kan tó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ òféèfèé, Six lorúkọ rẹ̀, ń wá bó ṣe máa bọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí àwọn àgbàlagbà inú rẹ̀ kì í yéé jẹun. Gbogbo àga àti tábìlì ibẹ̀ tóbi ju ọmọ náà lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Ká sọ tòótọ́, ní ti bó ṣe ń rí lára, ó lè ju Limbo lọ. Olùtọ́jú ilé kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ọ nílẹ̀. Kò ríran. Ìró ló fi ń wá yín. Ẹ ó máa yọ́ rìn lórí pákó tó ń han, ọwọ́ yẹn á sì máa tọ ògiri bọ̀.

Kí ló wá bà á jẹ́? Ẹ̀gbẹ́ lẹ ti ń wò ó, bí ìgbà tí ẹ yọ ògiri ilé bèbí kan kúrò. Nínú Limbo, ọ̀tún àti òsì nìkan ló wà, nítorí náà ẹ kò lè ṣi ibi tí ẹsẹ̀ yín wà mọ̀. Nínú Little Nightmares, ẹ tún lè rìn wọnú yàrá tàbí kí ẹ rìn bọ̀ níwájú, àmọ́ ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn ò jẹ́ kó hàn dáadáa bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà wà ní àárín pákó tàbí ní etí rẹ̀. Ẹ ó máa rìn lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó rò pé ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ ó já bọ́. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: nígbà tí Olùtọ́jú yẹn bá mú yín, ayé inú géèmù ló pa yín. Nígbà tí ẹ bá já láti orí irin torí pé ẹ ò rí ìjìnnà, kámẹ́rà ló pa yín. Ikú àkọ́kọ́ ń fi kún ẹ̀rù, ikú kejì ń jẹ ẹ́ tán.

Èyí apá kejì, Little Nightmares II, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2021, kó méjèèjì pọ̀ sínú ara kan lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Nínú ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan tó wúwo láti fi lu àwọn ọmọ burúkú tó ń kọlù ú. Ó máa pẹ́ kó tó gbé e sókè, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí á mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ kékeré ni, òòlù sì tóbi. Èrò náà dáa. Ní ọwọ́ òǹgbá, ó kàn ń jọ bọ́tìnnì tó bàjẹ́ ni. Àmọ́ ẹ dé ilé ìwòsàn inú géèmù yẹn kan náà, ẹ ó bá àwọn aláìsàn tí ara wọn dà bí ère tí wọ́n ń fi aṣọ hàn ní ṣọ́ọ̀bù. Tí tọ́ọ̀ṣì yín bá tàn sí wọn, wọ́n á dúró gbagidi. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lára wọn, wọ́n á máa sáré bọ̀. Ibẹ̀ le. Mo kú níbẹ̀ ju ibi òòlù lọ. Kò sú mi lẹ́ẹ̀kan, torí pé nígbàkigbà tí mo bá kú, mo mọ ẹni tí mo gbàgbé láti tan tọ́ọ̀ṣì sí.

Ṣé kí wọ́n kúkú yọ ìnira kúrò pátápátá ni? Frictional Games, ilé-iṣẹ́ Swídìn míì, dán nǹkan tó jọ ọ́ wò. Géèmù wọn SOMA, tó jáde ní 2015, kì í ṣe ti fífò, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló bá wọn jà. Lọ́dún 2017 wọ́n fi ọ̀nà kan kún un tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ kò ní lè pa òǹgbá mọ́. Inú mi dùn pé ó wà, torí irú ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ nígbà tí èèyàn bá ti mọ̀ pé kò sóhun tó lè ṣe òun, ọ̀nà ilé òkùnkùn á di ọ̀nà ilé ìkàwé. Ẹ̀rù nílò ohun tí a lè pàdánù.

Inside ló súnmọ́ ìdáhùn jù fún mi. Playdead yìí kan náà ló ṣe é, ní 2016, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa ń sá fún àwọn ọkùnrin tó ní tọ́ọ̀ṣì àti ajá. Àwọn àdììtú ibẹ̀ rọrùn ju ti Limbo lọ, àwọn kan tilẹ̀ bínú sí i nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé. Ajá á fẹ́rẹ̀ẹ́ bù yín jẹ, ẹ ó sì bọ́ ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ ó máa rò pé ẹ̀yin lẹ yára. Wọ́n ti wọn ìka yẹn tẹ́lẹ̀ fún yín. Andersen tún wà nídìí ohùn. Ó gbé àwọn ìró kan gba inú eegun agbárí èèyàn kọjá kí ó tó gbà wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n lè dún bí ìgbà tí nǹkan ń dún nínú orí ẹni. Ó sì ṣètò pé tí ọmọ náà bá kú, ohùn ibẹ̀ kò ní já kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Á máa bá a lọ. Ẹ kú, ẹ jí, ayé ò dúró dè yín. Ọgbọ́n kékeré yẹn ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, torí òun ló ń lé àpèyó sẹ́yìn: kò sí ìgbà méjì tí ẹ máa kú tí etí yín á gbọ́ ohun kan náà gẹ́lẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nísinsìnyí ni pé ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe géèmù fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wo ohùn inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń kọjá nínú ọjà kan lóru, gbogbo ìsọ̀ ti tì, ẹnì kan sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti inú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ míì níbẹ̀ ju orúkọ yẹn lọ. Ohun tó fẹ́ ni kí ohùn inú ìpè náà máa yí padà díẹ̀díẹ̀, òkè di ìsàlẹ̀, títí òǹgbá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá orúkọ òun ni wọ́n ń pè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbá èyí tó ti ṣe. Ó ti fi kòtò kan síwájú ìsọ̀ kẹta, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fò ó ní ìwọ̀n tó ṣe gẹ́lẹ́, tí ẹ bá sì jìn sí i, ẹnu ọ̀nà ọjà lẹ ó ti jí.

Mo ní kó gbé ibi àjíǹde wá sí etí kòtò. Ó ní á rọrùn jù, àwọn tó máa fún un ní máàkì á sọ pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìpè yẹn ná. Tí wọ́n bá kú lẹ́ẹ̀kejì, kí ìpè náà ti súnmọ́ wọn sí i. A ṣì ń jà lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa wá, àwọn la sì máa kọ́kọ́ fún ní kíbọ́ọ̀dù.